Igi Tí Màmá Tak Bun-rye Tẹ́ Bàbá Sí Lábẹ́

A bí Màmá Tak Bun-rye ní oṣù kejì ọdún 1941 ní abúlé Jatgol, lábẹ́ àwọn òkè Gapyeong, ní ilẹ̀ Kòríà. Ọmọ Tak Pil-du ni wọ́n, ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gun igi páìnì láti já èso rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni Màmá ti kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ Olúwa.

Ní ọdún 1962 wọ́n di aya Meng Chil-bok, tí òun náà ń gun páìnì. Bàbá a máa já èso, Màmá a sì máa pa kóró inú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá jinná, Màmá á dúró nídìí igi, wọ́n á ké sí ọkọ wọn, gbogbo àfonífojì á gbọ́.

Màmá ló kọ́ àwọn ọmọ wọn pé páìnì òkè yìí ń yọ ewé márùn-ún nínú ìdì kan, páìnì pupa sì ń yọ méjì péré. Kóró rẹ̀ kò ní ìyẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè fi gbé e. Àfi kí ọ̀kẹ́rẹ́ rì í mọ́lẹ̀, kó gbàgbé rẹ̀, kí òtútù sì mú kóró náà nínú ilẹ̀, kó tó hù.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2011. Nígbà tí a sun òkú wọn tán, Màmá nìkan ló gbé eérú wọn lọ tẹ́ sábẹ́ igi kan lórí òkè, wọn kò sì jẹ́ kí a fi àmì síbẹ̀. “Àmì kẹ̀? Ṣé n ó gbàgbé ọkọ mi ni?”

Lẹ́yìn náà ni iyè Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Hyo-jin, àkọ́bí wọn, ń rí kóró páìnì nínú bàtà, nínú ìrẹsì, nínú ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kan ó bi wọ́n pé: “Màmá, abẹ́ igi wo lẹ tẹ́ Bàbá sí?”

“Èyí tí ewé rẹ̀ jẹ́ márùn-ún.”

“Màmá, gbogbo òkè yẹn ni ewé rẹ̀ jẹ́ márùn-ún!”

“O kúkú mọ̀ ọ́n, o tún ń bi mí. Ìwọ ta ni, gan-an?”

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù karùn-ún ọdún yìí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún: kí a tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn. Hyo-jin àti Se-ung, àbúrò rẹ̀, gun òkè lọ. Hyo-jin ń fọwọ́ pa èèpo igi kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wọn rí bákan náà lójú rẹ̀. Nídìí ọ̀kan ló ti rí àwọn ọmọ páìnì tó hù pọ̀ láti inú ihò kan náà.

Ìgbà náà ló rántí. Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, ní gbogbo ìgbà ìkórè, Màmá a máa bu kóró páìnì ẹ̀kúnwọ́ lọ sórí òkè, wọ́n á sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo, pẹ̀lú erùpẹ̀ ní èékánná. Ìjọ wa kì í gbé oúnjẹ fún òkú, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fẹ́ bi wọ́n bóyá oúnjẹ Bàbá ni.

Se-ung mi orí. “Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́ nìyí o.”

“Bó bá jẹ́ Màmá ńkọ́?”

“Bí kì í bá ṣe Màmá ńkọ́?”

Títí di òwúrọ̀ yìí, kò tíì yé ìdílé bóyá Màmá ló gbìn wọ́n tàbí ọ̀kẹ́rẹ́. Síbẹ̀, abẹ́ igi náà ni a ó tẹ́ Màmá sí. A bẹ gbogbo olùbánikẹ́dùn kí wọ́n má ṣe tẹ àwọn ọmọ páìnì náà mọ́lẹ̀.

Màmá fi Hyo-jin àti Se-ung sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta.

Màmá, bí a bá ti ṣi igi mú, ẹ ké sí Bàbá bí ẹ ti máa ń ké sí wọn. Wọ́n á gbọ́. Ẹ sùn re o.