Má Tíì Wálé: Ọ̀rọ̀ Àwọn Ewéko Rẹ Tí Ń Jẹ Kòkòrò

Zion Pepe,
Ìlàjẹ,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Olúrẹ̀mí, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, ọmọ Ọmọ́lẹ́wà. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìdúró, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀, kí ó sì bá ọ nígbà tí o ti jẹun tán, nítorí mo mọ̀ ọ́: bí o bá kà á pẹ̀lú ebi, o kò ní jẹun mọ́. Ara tèmi ń le díẹ̀díẹ̀. Awọ ara ló ń yún mi, n óò sọ ìdí rẹ̀ bí mo bá dé ibẹ̀.

O lè máa rò ó pé, “Kí ló dé tí Ìye tó bí mi kò fi pè mí?” Fóònù kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ilé pákó ni ilé wa. Ohun tí mo bá sọ nínú yàrá, Ṣìkẹ́mi tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa yóò gbọ́ ọ kí ìwọ tó gbọ́ ọ nílé ìwé rẹ ní Àkúrẹ́. Ní àsìkò yìí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu mi. Àbúrò mi, Àǹtí rẹ Hánà, ló fẹ́ mú lẹ́tà yìí lọ sí Igbókòdá, yóò fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ àwọn ewéko tí o fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ni, àwọn tó ń jẹ kòkòrò. Nígbà tí o kó wọn sílẹ̀ fún mi lẹ́yìn ìsinmi rẹ, tí o tò wọ́n sórí pákó lẹ́yìn ilé, nínú kẹ́ẹ̀gì tí o gé lẹ́nu àti nínú bàsíà àtijọ́, ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ tí a ti bí mi, ẹran ni mo rí tó ń jẹ ewé. Mi ò rí ewé tó ń jẹ ẹran rí. Èyí tí o pè ní Onírì, tí irun pupa kún ara ewé rẹ̀, tí ohun kan bí ìrì sì wà lórí irun kọ̀ọ̀kan, òun ni mo kọ́kọ́ rí tó mú ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn náà bà lé e bí ẹni tó fẹ́ mu omi. Kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fi yan ẹja tán tí mo padà wá, ewé náà ti ká lé e bí ẹni tó di ìkúùkù. Mo wọlé, mo ti ìlẹ̀kùn, mo ka Sáàmù.

O ti sọ fún mi kí o tó lọ pé, “Ìye, ebi ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n ti wá kò ní oúnjẹ nínú, ni wọ́n ṣe ń wá a nínú afẹ́fẹ́ àti nínú omi. Wọn kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan.” Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Omi òjò nìkan ni mo ń bu fún wọn, torí pé iyọ̀ òkun ti wọ odò wa. Láràárọ̀ Sátidé, mo ń yà wọ́n ní fọ́tò bí o ṣe kọ́ mi: kí oòrùn tó le, kí n kúnlẹ̀, kí n di èémí mú, kí òjìji mi má bọ́ sórí wọn. Àwọn àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́, o ní ó dà bí ẹni tó yà wọ́n láti inú ọkọ̀ tó ń sáré.

Síbẹ̀, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í là sí wọn. Lọ́jọ́ kan, mo ń ya Alápò, èyí tó ń léfòó nínú ìgò, tí kò ní gbòǹgbò, tí àpò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ so mọ́ lára. Tanwíjí kan lúwẹ̀ẹ́ sún mọ́ ọn. Mo ṣẹ́jú, tanwíjí kò sí mọ́. Mo fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú fóònù, mo rí i nínú àpò, ó dúdú bíi hóró iyèré. Mo pariwo, “Jésù!” Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló bà mí ni àbí inú mi dùn.

Lẹ́yìn náà ni epo dé. Kì í ṣe epo tí a fi ń se ọbẹ̀ o, epo rọ̀bì ni. A kò gbọ́ ariwo kankan. A jí, òórùn kan ti wọ ilé bí ẹni pé wọ́n da kẹrosíìnì sórí aṣọ gbogbo wa. Nígbà tí omi kún wọ abẹ́ ilé, ó ń dán bí ọrùn ẹyẹlé. Nígbà tó yá, ó dúdú, ó ki. Ẹja ń léfòó, ikùn lókè. Àwọn kan wá pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, wọ́n ní ilé iṣẹ́ epo ló rán wọn, wọ́n wò ó, wọ́n lọ, wọn kò padà wá. Bàbá Èlíjà, alàgbà ìjọ wa, kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dáná níta. Àmọ́ ènìyàn á ṣáà jẹun. A ń dáná, a ń bẹ̀rù.

Inú epo yìí ni a wà nígbà tí Ọlọ́lá dùbúlẹ̀. Ọmọ Ṣìkẹ́mi ni, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, èyí tó ń pè ọ́ ní “Àǹtí Fọ́tò.” Ibà mú un, ó ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ yẹn fẹ́ràn àwọn ewéko rẹ. Kí epo tó dé, ó fi ìka kan Onírì lójú èmi àti ìyá rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó fà á, okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí omi ilá tẹ̀lé ìka rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àìsàn dé, ẹ̀rín yẹn di ẹ̀sùn.

Ṣìkẹ́mi wá bá mi, kò jókòó. Ó ní, “Ìyá Rẹ̀mí, kí ni ewé yẹn mú lára ọmọ mi?” Mo ní kò mú nǹkan kan. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n rí fọ́tò rẹ̀.” Mo ṣí fóònù, mo rò pé òtítọ́ yóò gbà mí. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni Onírì pẹ̀lú eṣinṣin, èyí tí mo ti fẹ̀ gan-an. Irun pupa náà tóbi bí ìka ọwọ́, orí wọn ń dán bí ẹ̀jẹ̀ tútù. Ṣìkẹ́mi fi ọwọ́ bo ẹnu, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ìlú. Wọ́n ní, “Màríà ń sin ewé tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ló kó o wá.” Bí mo bá ń bọ̀ lórí afárá pákó, ẹni tó ń bọ̀ níwájú á dúró, á yí padà. Ẹja tí mo yan, ọwọ́ mi ló kù sí. Àwọn kan tiẹ̀ ní ewé náà ló pe epo wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé Oníkòkò, tí ewé rẹ̀ rí bí ìkòkò kékeré, èyí tí o gbìn láti inú èso òkè òkun, dé etí omi kí n lè jù ú nù. Mo rí ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀, mo tún gbé e padà. Ohun tí o fi sí mi lọ́wọ́ ni.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n dé. Omi ti kún, epo sì wà lábẹ́ ilé gbogbo wa. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin púpọ̀ lórí pákó lẹ́yìn ilé, mo fi ojú sí àlàfo. Jòhánù Olówòkéré, bàbá Ọlọ́lá, ló ṣíwájú, Jòhánù tó kọ́ ọ bí a ṣe ń wa àjẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ìṣáná wà ní ìkejì. Ó da pẹtiróòlù náà sórí àwọn ewéko. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kán sínú omi nísàlẹ̀, tó, tó, tó.

Mo fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà iwájú sá lọ, ṣùgbọ́n ibo ni n óò sá sí? Pákó ni gbogbo ìlú, orí epo sì ni gbogbo pákó dúró lé. Mo ṣí ìlẹ̀kùn, mo ní, “Jòhánù, má ṣáná! Wo ìsàlẹ̀!”

Kò wò ó. Ó ní, “Ẹ wọlé, Ìyá Rẹ̀mí. Ewé la wá jó, a kò wá jó ènìyàn.”

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Iná kékeré ni. Bó bá fẹ́ tàn, a ó bu omi pa á.”

Mo ní, “Omi wo?”

Jòhánù ti yọ igi ìṣáná kan. Ojú ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló ń rí, kò rí nǹkan mìíràn. Olúrẹ̀mí, mi ò mọ ohun tó tì mí. Mo gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ sínú omi náà títí ó fi dé àyà mi. Epo náà tutù, ó wúwo, ó dì mọ́ mi bí ẹni tí kò fẹ́ kí n lọ. Mo bu ú ní ẹ̀kúnwọ́, mo fi kun orí àti apá mi, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè sí i. Mo ní, “Ṣáná náà báyìí. Èmi ni yóò kọ́kọ́ jó. Ilé rẹ ló kàn, níbi tí Ọlọ́lá dùbúlẹ̀ sí.”

Ìgbà yẹn ló tó wo ìsàlẹ̀. Ó tẹjú mọ́ epo náà, ó ń fi ojú tẹ̀ lé e lọ títí dé abẹ́ ilé tirẹ̀. Ó ki ìṣáná bọ àpò, ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́, bí ẹni tí kò mọ ibi tó lè fi í sí tí kò ní jó òun. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí pákó, ó bú sẹ́kún. Àwọn yòókù na àjẹ̀ sí mi, wọ́n fà mí gòkè. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti gbogbo ewéko náà sínú omi. Kò ku ọ̀kan, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Mo mọ bó ṣe máa dùn ọ́ tó.

Má ṣe pè é ní ìgboyà. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù iná ló borí ẹ̀rù ènìyàn.

Bàbá Èlíjà gbọ́, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbókòdá, kí èmi náà bá wọn lọ nítorí epo ara mi. Ṣìkẹ́mi kọ́kọ́ ní òun kò ní bá mi wọ ọkọ̀ kan náà. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì lójú ọ̀nà, Ṣìkẹ́mi gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì Adétutù yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní omi tí ọmọ náà ń mu ló ṣe é. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní oògùn. Ó ti padà dé, ó ń jẹ pupurú, ó ń sáré.

Ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ wo ọ̀rọ̀ ayé: wọ́n ní ọmọ náà yè nítorí pé wọ́n da ewé náà nù. Ìwòsàn rẹ̀ ti di ẹ̀rí tiwọn. Jòhánù ń kí mi, àmọ́ kì í wo ojú mi. Epo ṣì wà nísàlẹ̀. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń ṣáná, mo máa ń sáré jáde lọ wo ìsàlẹ̀. Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni pé orúkọ rẹ ni wọ́n ń dá báyìí. Àná, obìnrin kan bi mí létí omi pé, “Ọmọ yín ń bọ̀ ní Kérésì, àbí?” Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe bi mí.

Nítorí náà, ọmọ mi, má tíì wálé. Mo ti ń ka ọjọ́ tí n óò rí ọ, ọwọ́ mi náà ló ń kọ ọ́ pé kí o má wá. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Hánà ní Igbókòdá ni kí o ti ṣe Kérésì. N óò wọ ọkọ̀ wá bá ọ níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó ń tu ọkọ̀ wa la ìgbì kọjá máa ṣọ́ ìwọlé rẹ. Kí ẹni tó bá ń wá ọ fún ibi má mọ ìlẹ̀kùn rẹ. Ẹ̀kọ́ tí o ń kọ́ kò ní di ẹrù lé ọ lórí. Ojú rẹ yóò jèrè rẹ̀, ojú tèmi náà yóò rí i. Àmín.

Èmi ni Ìye rẹ tó lóyún rẹ, tó bí ọ,
Màríà Ọmọ́lẹ́wà.

Àfikún: Bí o bá ń bọ̀ wá sí Igbókòdá, bá mi ra bàtà rọ́bà gíga, èyí tó máa dé orúnkún. Ẹnìkan sọ fún mi pé irú Alápò wà nínú àbàtà kan lápá Etikan, níbi tí epo kò tíì dé, pé ó ń yọ òdòdó. Mi ò rí òdòdó rẹ̀ rí. Mi ò ní sọ ibi tí mò ń lọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù sì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ yà á.