Ọmọ fún Àṣàbí: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Adéagbo Èṣùbíyì (1941–2025)

Agboolé Èṣùbíyì ní Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀, ni a ti bí Olóògbé Adéagbo Èṣùbíyì ní ọdún 1941. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Ìyábọ̀dé, a máa ta obì. Bàbá wọn fẹ́ kí ọmọ òun kàwé dé ibi tó jìnnà, ṣùgbọ́n ní 1955, ọdún tí ọmọ jáde ìwé mẹ́fà gan-an, bàbá náà já lulẹ̀ láti orí igi obì, kò sì dìde mọ́. Bí ìwé ṣe parí nìyẹn; àdá ló kù. Olóògbé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé òun kò ju kí òun ka orúkọ ara òun lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ wọn mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n.

Ẹdúnàbọ̀n ni wọ́n ti dá oko kòkó tiwọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí Àṣàbí, tí wọ́n sì fẹ́ níyàwó ní ọdún 1966. Ọmọ ni kò dé. Ibi tí wọn kò wá a dé, kò sí. Nígbà tó yá, Àṣàbí fúnra wọn ni wọ́n wá Mojíre fún ọkọ wọn, ní ọdún 1978. A kò ní purọ́ pé ìjà orogún kò wọlé wa rí, ó wọ̀ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Àṣàbí ni gbogbo ọmọ tí Mojíre bí ti dàgbà. Ní 1986, kòkó ṣe dáadáa, wọ́n kọ́ ilé sí àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀, wọ́n sì ń fi yàrá tó kù háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Olóògbé títí dé ojú ikú. Nítorí ìyàwó méjì, wọn kò fi wọ́n joyè kankan, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n sì ń jókòó sí. Olóògbé a máa ní Ọlọ́run kò béèrè àga lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, bí òrùlé ìjọ bá jò, ẹnu ọ̀nà wọn ni àwọn olóyè ìjọ ń wá.

Ohun tó ba ayé wọn jẹ́ dé ní ọdún 2001. Iná lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àṣàbí rọ kẹrosíìnì tí Mojíre ṣẹ̀ṣẹ̀ rà dé sínú àtùpà, wọ́n ṣáná sí i. Ó bú gbàù! Kí aládùúgbò tó sáré dé, iná ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ilé ìwòsàn ni Àṣàbí dákẹ́ sí. A kò tíì sin òkú tán tí ẹnu fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló ra kẹrosíìnì? Orogún ni. Kí ló dà mọ́ ọn? Háà, ayé! Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n ní kí Mojíre kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Olóògbé kò mọ èyí tí wọn ìbá gbà gbọ́, wọn kò sì lè wo ojú Mojíre mọ́. Ìyẹn ló burú jù.

Ayálégbé kan wà nínú ilé nígbà náà, Tolúwalàṣẹ, tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì. Ó bu kẹrosíìnì tó ṣẹ́ kù, ó lọ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún Mojíre, ó gbé méjèèjì lọ sí yàrá àyẹ̀wò níwájú olùkọ́ rẹ̀. Kẹrosíìnì gidi gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí ooru rẹ̀ tó gbaná. Àwọn méjèèjì gbaná láìtíì gbóná rárá: bẹntiróòlù wà nínú wọn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á. Tolúwalàṣẹ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ má lé ìyá yìí lọ. Ọjà ni wọ́n ti da ohun tó pa Ìyá Àgbà pọ̀." Àwọn àgbà ní kí Mojíre dúró, ó sì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn èyí ni Olóògbé gbọ́ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí àìrówó san. Wọ́n gba gbogbo ẹ̀ sọ́rùn títí ó fi jáde. Bí sikọ́láṣíìpù Àṣàbí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti inú kòkó Ẹdúnàbọ̀n. Bí ọ̀kan bá jáde, òmíràn a wọlé. Kẹ́mísírì nìkan, ẹni tí ọwọ́ òbí rẹ̀ kò bá tó o. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: kí ọmọ náà wá síbi sàréè Àṣàbí, kí ó pè wọ́n ní ìyá mi.

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń pín ogún: ìdí-igi ni. Iye ìyàwó tó bímọ ni iye ìdí, ìyàwó tí kò bí kò sì ní ìdí kankan. Ní ọdún 2019, Olóògbé pe ẹbí jọ, wọ́n ní ìdí méjì ni òun ní o. Oko Ẹdúnàbọ̀n di ti àwọn ọmọ Àṣàbí, àwọn tí sikọ́láṣíìpù rán níwèé. Ilé gbóná! Ẹbí ní àjèjì kì í jogún, pé owó kì í bímọ. Ìkẹ́olúwa, àkọ́bí, yarí jù wọ́n lọ. Olóògbé kò bínú sí i. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé bí òun bá kú, kò ní sí ẹni tí yóò tún pe Àṣàbí ní ìyá láéláé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 2025, lórí ibùsùn àìsàn, wọ́n bi Ìkẹ́olúwa bóyá ẹbí ti gbà. Ìkẹ́olúwa wolẹ̀, kò fèsì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti lọ.

Nígbà tí a jókòó láti ṣètò ìsìnkú, àríyànjiyàn tún bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn tí a ó pè ní ọmọ olóògbé. Màmá Mojíre, tí kì í bá ẹbí sọ̀rọ̀ sókè, dìde. Wọ́n ní, "Bí kì í bá ṣe ọmọ Àṣàbí ni, ìta ni ẹ̀yin ọmọ mi ìbá ti dàgbà. Bí ẹ bá yọ wọ́n, ẹ yọ èmi náà." Ìkẹ́olúwa bú sẹ́kún. Gbogbo ẹbí gbà. Oko Ẹdúnàbọ̀n ti di ti àwọn ọmọ Àṣàbí.

Olóògbé fi aya sílẹ̀, Màmá Mojíre Èṣùbíyì. Àwọn ọmọ nípa ìdí Mojíre ni Ìkẹ́olúwa, Ìbùkúnọlá àti Ọláfimíhàn, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ. Àwọn ọmọ nípa ìdí Àṣàbí ni Tolúwalàṣẹ, Tẹniọlá, Abdulsalam, Àyànlọ́wọ̀, àti Kẹ́hìndé tó ṣì wà ní yunifásítì, àti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bàbá, ẹ béèrè, a kò dá yín lóhùn. Ó dùn wá, yóò sì máa dùn wá. Ẹ gbọ́ ọ báyìí, bó tilẹ̀ ti pẹ́: Àṣàbí ti bímọ. Kí ilẹ̀ Ifẹ̀ tù yín lára. Ẹ sùn re o.