Alága Ti Bímọ Nínú Fóònù

“Afojúro! Kọ ọ́ gàdàgbà pé Alága ti bímọ! Mẹ́jọ! Inú fóònù ló ti bí wọn! Kọ ọ́ kí n tó débẹ̀!”

(Bí Màmá ṣe pariwo rẹ̀ láti ilé adìyẹ nìyẹn, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Èmi ni Afojúro. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn, bí ẹni pé ẹni tó bá ń ronú gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín. Ìwé kẹta ni mo dé ní sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n èmi náà ni akọ̀wé ilé wa. Màmá ń pe lẹ́tà sí mi gba ojú fèrèsé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní ìlú ńlá ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí kí n tó dà á kọ sínú ìwé gidi, torí Màmá máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́ báyìí, tèmi ni, kò ní bá lẹ́tà lọ. Kàlẹ́ńdà náà, a ó fi dáná.)

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi, ṣé dáadáa ni o wà? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ nígbà tí o bá ń sọdá títì, kí ẹsẹ̀ rẹ má yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé alájà tí o ń gùn, kí ọ̀gá rẹ má kàn jí lọ́jọ́ kan kó kórìíra rẹ láìnídìí. Àmín. Àwa náà wà. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí ti rọlẹ̀. Àbúrò rẹ wà, ó ṣì ń fajú ro.

(Mi ò fajú ro. Bí ojú mi ṣe rí nìyí.)

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí Alága ti kú ni ọkàn mi ò ti sí nílé. Ìwọ náà mọ irú àkùkọ tó jẹ́, kì í wọlé bí gbogbo ìyàwó rẹ̀ ò bá tíì wọlé tán. Lọ́jọ́ òjò yẹn, adìyẹ pupa há sórí páànù, Alága dúró sínú òjò, ó ń pè é, ó kọ̀ kò wọlé, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìyàwó ti wọlé, ọkọ ti gan. Káfíńtà tó múlé tì wá ní ṣé kí òun bá wa tu ìyẹ́ rẹ̀ ni, mo ní kó lọ tu irùngbọ̀n ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná la sin ín sí. Bẹ́ẹ̀ ni, a sin ín, a ò jẹ ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in.

(Mo sunkún díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, Alága ò fẹ́ràn mi. Bí mo bá ti ń gbé omi lọ fún wọn ló máa ń sá tẹ̀lé mi, tí yóò sì ṣá mi lẹ́sẹ̀. Mo sunkún torí pé Màmá ń sunkún, mo tún wá sunkún nítorí ohun tó máa tẹ̀lé e.)

Adìyẹ tó kọ́kọ́ sàba lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbogbo ẹyin rẹ̀ ló bàjẹ́, òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò nílé. Ìgbà náà lo pè tí o ní kí n ta gbogbo adìyẹ, kí n ti ilé pa, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ, kí àbúrò rẹ lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí yín. Mo ní mo ti gbọ́. Ẹni tí kò ní àkùkọ mọ́, kí ló tún fẹ́ sọ?

(Àǹtí yẹn ní ọmọ mẹ́rin tí kò tíì mọ imú ara wọn nù. Kì í ṣe gbígbé ni mo fẹ́ lọ gbé níbẹ̀, ọmọ pípọ̀n ni. Màmá sì ti ṣèlérí pé láti ara adìyẹ wọ̀nyí la ó ti rí owó fún aránṣọ tó máa kọ́ mi níṣẹ́. Bí adìyẹ bá ti lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn, èmi náà lọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò bi mí.)

Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo rò ó. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, ìwọ ò wá, owó náà ò wọ mọ́tò, ẹnikẹ́ni ò gbé e lọ́wọ́, síbẹ̀ bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń sanwó lábẹ́ agbòòrùn, owó ti débẹ̀ ṣáájú mi. Inú fóònù ló gbà. Mo wá bi ara mi pé, bí owó bá lè gba inú fóònù kó dé pé pérépéré, kí ló dé tí ti àkùkọ máa wá le? Ṣé o rántí pé nígbà tí o wá sílé, o gba kíkọ Alága sínú fóònù tí o fún mi, o ní kó máa fi jí mi? Kò kú níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ, gbogbo adìyẹ gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ ohun tí o máa sọ, pé àkùkọ máa ń gun adìyẹ ni. Mo mọ̀, èmi náà ti bímọ rí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń wò wọ́n lójoojúmọ́, mo rí i pé ó máa ń kọ ná kó tó gùn. Kíkọ yẹn gan-an niṣẹ́, eré ló ń fi ìyókù ṣe.

Láti ọjọ́ náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń gbé fóònù sórí àpótí nínú ilé adìyẹ, mo ń tẹ Alága fún wọn. Bí bátìrì bá ti ń kú, àbúrò rẹ á gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kó lọ gba iná sí i. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tilẹ̀ wá ka adìyẹ àdúgbò, ó bi mí pé akọ mélòó ni mo ní. Mo ní ọ̀kan. Ó ní òun ò rí i. Mo ní inú fóònù ló ń gbé. Ó wo fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní kò sí ibi tí òun máa kọ ìyẹn sí. Mo ní kó fa ìlà tuntun.

(Àwọn tó wá gẹrun níbẹ̀ máa ń ní kí n jẹ́ kí Alága kí àwọn. Ilẹ̀ ò kàn lanu gbé mi mì ni.)

Ó wá di òwúrọ̀ yìí. Adìyẹ pupa, èyí tí Alága tìtorí rẹ̀ kú, ló pamọ. Mẹ́jọ! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìgbẹ́ adìyẹ, mo ń rẹ́rìn-ín, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá mi sọ ẹrù kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó. Mẹ́ta nínú wọn, ọrùn wọn pá, kò sí ìyẹ́ kankan níbẹ̀ títí dé èjìká. Mo kọ́kọ́ dààmú, mo wá rántí pé òjò rọ̀ gan-an nígbà tí ìyá wọn ń yé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró. Ibi tó ti já ni ìyẹ́ ò ti dé.

(Ọrùn àkùkọ Káfíńtà náà pá. Ihò kan wà lára ọgbà tó pààlà àwa àti òun, lẹ́yìn táǹkì omi. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ikú Alága, Màmá lọ sóko, mo ń fọṣọ, àkùkọ náà yọrí síta, ó wò mí, ó wọ̀tún, ó wòsì, ó wọlé. Kò tilẹ̀ kọ rárá. Ó ṣe ohun tó bá wá, ó gba ihò rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé. Èmi, aṣọ ni mo ń fọ̀.)

O kúkú mọ̀ pé Káfíńtà ò ní jẹ́ kínú ẹni dùn. Láti ìgbà tó ti sọ pé Alága ń kọ bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe ni mi ò ti kí i mọ́. Ló bá gbé orí lé ọgbà láàárọ̀ yìí, ó ní Ìyá, àwọn ọmọ yìí mà jọ ẹnì kan tí òun mọ̀ o, ta ni bàbá wọn? Mo yọ fóònù, mo tẹ̀ ẹ́, Alága kọ. Ṣùgbọ́n kó má baà di pé ó ń sọ pé òun ní ìpín nínú ọmọ wa, mo ti ní kí àbúrò rẹ wá pákó dí ihò tó wà lára ọgbà yẹn lọ́la.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ títa adìyẹ ti parí. Mi ò wá mọ́. Àbúrò rẹ ò lọ ibì kankan, ọ̀dọ̀ aránṣọ ló ń lọ.

(Mo fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.)

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe fún ẹnu mi o, káàdì ni mo fẹ́ rà sínú fóònù, èyí tó pọ̀, kí Alága lè wọlé tán pátápátá, kí ìyẹ́ àwọn tó ń bọ̀ lè pé. Bó bá ṣẹ́kù, n ó fi ra àgbàdo fún wọn. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, kó jẹ́ ẹlẹ́rìn-ín ni yóò ṣí i fún ọ. Ohun tí o bá fọwọ́ rẹ tọ́, kó dàgbà lójú rẹ. Èmi ni ìyá rẹ tí kò gbàgbé rẹ.

(Màmá ti jókòó ti àwọn ọmọ adìyẹ báyìí, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn látibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo dìde pé kí n lọ sọ ti àkùkọ Káfíńtà fún wọn. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá sọ ọ́, Alága á tún kú lẹ́ẹ̀kejì, Màmá á sì kúkú ta gbogbo adìyẹ dípò kí wọ́n di àna Káfíńtà. Mo padà wá jókòó.

Pákó wà, òòlù wà, ìṣó wà. Lọ́la, n ó dí ihò náà bí wọ́n ṣe wí. Òkè pákó nìkan ni n ó kàn níṣòó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa mì, ẹni tó bá fàyà tì í á wọlé. Mi ò ní sọ fún Màmá, mi ò ní sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, Káfíńtà gan-an ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.)