Fèrèsé Tí Mo Gbàgbé Láti Tì

Àìkú, 3 Oṣù Kejìlá
Tábìlì méjì, èèyàn kan. Ó di ọjọ́ kọkànlá tí wọ́n ti gbé Bàbá Lounès, àgbà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá yìí, lọ sí Tamanrasset, inú aṣálẹ̀, níbi tí kò sí odò tí wọ́n ń ṣọ́. Ètò kọ̀ǹpútà wa tó ń sọ tẹ́lẹ̀ bóyá omi máa kún ló sọ pé odò ò ní kún. Ó kún. Ó wọlé tọ àwọn èèyàn Annaba lórí ibùsùn. Wọ́n ní ọwọ́ bàbá ló ti wá. Bàbá ò jiyàn. Èmi náà ò gbèjà rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 5
Òjò. Kuskúsì tútù ni mo jẹ. Kò sẹ́ni tó kí mi láti àárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7
Àṣìṣe yẹn tún dé! Bàbá lọ, òun ò lọ. Ogójì kọ̀ǹpútà ló jọ ń ṣírò òjò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣí fèrèsé sí ìrántí rẹ̀ kí àwọn yòókù lè máa mú iye òjò níbẹ̀. Fèrèsé kan ń purọ́ fún wọn. Èwo? Orí Dídán — ọ̀gá wa — yọjú: "Wassila, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ arúgbó yẹn náà ni?" Mo ní ó ṣeé ṣe.
Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 10
Mo kọ ìlà mẹ́fà tó ń bi fèrèsé kọ̀ọ̀kan pé kí lorúkọ ẹ. Wọ́n ń dáhùn. Orúkọ àwọn abúlé orí òkè wọn ni bàbá fi sọ gbogbo tirẹ̀ — mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ìkẹtàdínlógójì dáhùn: ìdánwò_Wassila.
Oṣù Keje ni mo ṣí i, mo fi kọ́ṣẹ́. Òjò ò rọ̀ lóṣù Keje. N ò tì í. Òfo oṣù Keje ló ń pín kiri bí iye òjò láti ìgbà náà.

Ajé, 11
Mo sọ fún Orí Dídán. Ó pa ilẹ̀kùn dé. "Ọmọ mi, ẹni tó lọ ti lọ. Tún un ṣe, kó o panu mọ́."
Mo tún un ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré.

Ìṣẹ́gun, 12
Mo pe bàbá. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Mo mọ̀. Ọjọ́ tómi wọlé ni mo ti bi fèrèsé yẹn lórúkọ. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi kí n tó tì í."
Mo ní kí ló dé tẹ́ ò sọ.
"Ọdún kan ló kù kí n fẹ̀yìntì. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn ì bá lé ọ. Má bà á jẹ́ o, mo bẹ̀ ọ́."
Ẹkún ò jẹ́ kí n dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 13
Oúnjẹ ò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo kọ òótọ́ sínú ìwé, mo fi lé olùdarí àgbà lọ́wọ́. Mo pe bàbá, mo sọ fún un. Ó ní: "Ta ló bẹ̀ ọ́?" Ó gbé fóònù sílẹ̀.
Mo ti tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò gbé e.