Ìlà Kẹwàá

Ìyá Kékeré, ọ̀gá ilé wa,

Bàbá rẹ ló ń kọ̀wé o. Ara mi le koko. Idán kan rèé tí o lè fi dárà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Fa ìlà mẹ́wàá tó dúró ṣánṣán sórí ìwé, kí gbogbo wọn gùn bákan náà, kí àyè àárín wọn sì dọ́gba. Gé ìwé náà láti orí ìlà àkọ́kọ́ lọ sí ẹsẹ̀ ìlà ìkẹyìn. Sún apá kan díẹ̀ lójú ibi tí o gé, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pàdé. Ó di mẹ́sàn-án! Kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó lọ, torí àwọn tó kù ti pín in mọ́ra. Wọ́n kàn gùn sí i díẹ̀ ni.

Ó jọ tiwa nílé ìfọṣọ níbí. Àwa mẹ́wàá la jọ bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀gá kà wá, ó ní, "Mẹ́sàn-án. Ẹ pé." Kò sẹ́ni tó janpata. Iṣẹ́ oníkálukú kàn pọ̀ sí i díẹ̀. Ẹni méjì ló máa ń ká aṣọ ìbùsùn. Mo di etí kan mú, kò sẹ́ni tó di èkejì. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, ó wo ọ̀dọ̀ mi bí ẹni ń wo ògiri. Mo rẹ́rìn-ín ni. Abọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ebi ò tiẹ̀ pa mí mọ́.

Tí o bá sún ìwé yẹn padà, ìlà kẹwàá á tún yọ. Má jẹ́ kí àbúrò rẹ ju apá kankan dànù. Tí ẹ bá ṣeré tán, jọ̀ọ́, sún un padà.

Bá mi kí ìyá rẹ. Sọ fún un pé àwa mẹ́wàá la ṣì wà níbí.