Ọwọ́ Tí Abẹ́rẹ́ Fi Ń Kọ̀wé

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí aránṣọ ìlú ńlá tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi. Kí òwú má já mọ́ ọ lọ́wọ́, kí abẹ́rẹ́ má gún ọ, kí àwọn oníbàárà tó ní àwọn ń mú owó bọ̀ lọ́la mú un wá lọ́la lóòótọ́. Ara mi le, àfi orúnkún mi tó ń bá òjò ṣọ̀rẹ́. Ìyá rẹ náà wà dáadáa, ẹ̀yìn mi ló dúró sí bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó ní kí n má kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ̀gá ìjọba, kí n sọ̀rọ̀ bíi bàbá. Káfíńtà ti tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣe. Kò jò mọ́ àyàfi ibì kan ṣoṣo, ibẹ̀ gan-an ni àga mi sì wà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí, jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á. Mo ti yọ ọmọ rẹ kúrò ní ilé ìwé ńlá, mi ò sì bi ọ́ kí n tó ṣe é. Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo ní kí o mú un lọ síbẹ̀, torí pé mo ti ṣe ọ̀gá níbẹ̀ rí, àwòrán mi ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn tòun ti irùngbọ̀n dúdú. Mo mọ̀ pé ìwọ lo ń san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kà á dé ìparí kí o tó bínú.

O mọ Abẹ́rẹ́ wa, ọmọ rẹ yìí, o mọ̀ pé nínú ilé yìí, ó máa ń sọ̀rọ̀ títí adìẹ yóò fi tètè lọ sùn kí etí wọn lè sinmi. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé yẹn ni ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀. Inú ń run ún ní gbogbo àárọ̀, ṣùgbọ́n inú rírun ọ̀hún kì í wá ní Sátidé. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo ní kí ó bá mi wá oògùn àrùn tó mọ ọjọ́ ìsinmi. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó ní bàbá, ilé ìwé ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò, ẹ fi ikùn ọmọ sílẹ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí èsì ìdánwò dé, òun ló gbẹ̀yìn, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìwé rẹ̀ dà bí ìgbà tí adìẹ bá tẹ ẹrẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú, mo ní kí n tètè lọ mú un. Mo yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n ti fi ìborùn so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, omijé ń kán sórí ìwé, ó sì ń fi èjìká nù ún. Tíṣà rẹ̀ rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní bàbá, ẹ wò ó, bí ẹ ṣe kọ́ wa náà là ń ṣe é.

Ọmọ mi, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, ó wà nínú kíláàsì lọ́jọ́ tí mo fi aṣọ tí mo fi ń nu pátákó so ọwọ́ òsì tìrẹ. Mo rò pé gbogbo yín ti gbàgbé. Mo wọlé, mo tú kókó kan, Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi eyín tú kókó kejì. Mo sọ fún tíṣà yẹn pé ohun tí mo kọ́ ọ kò dáa, mo ti wá gbà á padà, kó má so ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní ṣé kí òun kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó ṣáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi lóòótọ́.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ kò tilẹ̀ bínú, èyí ló dùn mí jù. Ó ní nígbà tí o wá kí wa gbẹ̀yìn, o ń gé aṣọ ní yàrá ẹ̀yìn, bí o ti gbọ́ ìró ọ̀pá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni o yára gbé àlùmọ́gàjí sí ọwọ́ kejì. Ìwọ, ìyá ọmọ! Mo jókòó sábẹ́ ibi tó ń jò, mi ò sì kúrò níbẹ̀.

Ilé ìwé tuntun náà kò tóbi, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló wà, lẹ́búlẹ́bú igi máa ń fẹ́ wọlé bá wọn. Bí bàbá tó mọ ohun tó ń ṣe, mo mú pàṣán tuntun mẹ́ta tí mo bó dáadáa lọ fún Àǹtí tó ń kọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ó dúpẹ́ gan-an, ó ní irú rẹ̀ gan-an lòun ń wá. Nígbà tí mo padà débẹ̀, mo rí i pé ó ti rì wọ́n mọ́lẹ̀, tòmátò tí àwọn ọmọ gbìn ló ń gùn wọ́n. Fọ́ọ̀mù wọn bèèrè pé ọwọ́ wo ni ọmọ fi ń kọ̀wé. N kò rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà tí Àǹtí fẹ́ buwọ́ lù ú, ọwọ́ òsì ló fi mú kálàmù. Mo kí i pé pẹ̀lẹ́, mo ní ìgbà wo ni ọwọ́ ọ̀tún ti ń dùn ún? Ó ní bàbá, ara ọwọ́ náà le, òun kàn ń fi í pamọ́ de ẹrù wúwo ni. Abẹ́rẹ́ wo Àǹtí, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn ti pẹ́.

Ní ti fóònù aláwòrán tí o fi ránṣẹ́, mo ní ẹjọ́ láti rò. A gbé e síwájú kí a fi bí Abẹ́rẹ́ ṣe ń kọ̀wé hàn ọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ọ́ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n nínú fóònù, ọwọ́ ọ̀tún ni! Mo ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa á, mo ní àṣé fóònù yìí náà ti kàwé lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo rò ó fún Àǹtí, ó ní bíi dígí ló ṣe ń ṣe, mo ní dígí wo ló ń gba káàdì ìpè? Ìdí nìyẹn tí o kò fi rí wa. Bí ọmọ bá ti ń kọ̀wé, ìyá rẹ máa ń fi aṣọ bo fóònù náà, kí ó má baà tún yí i lọ́wọ́ padà. Bá mi bẹ àwọn tó ṣe é.

Abẹ́rẹ́ ń kàwé báyìí o! Ó ń ka ìwé ara páálí ọṣẹ, ó ń ka tara àpò sìmẹ́ǹtì, ó fi èédú kọ “Ẹ NU ẸSẸ̀” sẹ́nu ọ̀nà wa, ìyá rẹ ò sì jẹ́ kí n pa á rẹ́. Inú rírun náà ti yí ọjọ́ padà, Sátidé ló ń wá báyìí, torí pé kò sí ilé ìwé. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún tábìlì kékeré tí káfíńtà ń kàn fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dín owó, ó ní ṣé èmi dín ẹgba kù fún òun nígbà tí òun wà ní kíláàsì mi? Bá wa rán aṣọ ilé ìwé méjì, aláwọ̀ ewé. Apá ọ̀tún àyà ni kí o rán àpò rẹ̀ sí, kí ọwọ́ òsì lè rí pẹ́ńsù mú. Ọwọ́ òsì rẹ ni kí o sì fi gé e, jọ̀ọ́, kí o má sì gbé àlùmọ́gàjí pamọ́ mọ́ bí o bá gbọ́ ìró ọ̀pá mi. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ méjèèjì kò ní bàjẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi ni bàbá, èmi ni mo sì ni ilé. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìlú ńlá pé apá ibo ni ilé bàbá rẹ wà, èyí tó bá yá ọ lọ́wọ́ ni kí o fi júwe rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.