Àwa Obìnrin Mẹ́sàn-án Tí A Ro Pápá Bọ́ọ̀lù

Abúlé Ìdí-Arère,
Ọ̀nà Ayétòrò.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà.

Ayọ̀dàmọ́lá, Àmọ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí tíì àti búrẹ́dì lo ṣì fi ń tan ikùn jẹ ní Èkó níbẹ̀? Ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo yẹn ńkọ́, ṣé ọ̀fun kò tíì dùn ún? Ọlọ́run tó gbọ́ igbe mi ní ọjọ́ méjì tí mo fi rọbí kí n tó bí ẹ kò ní dijú sí ọ̀rọ̀ rẹ. O ò ní wọ ọkọ̀ tí kò ní dé, o ò ní ṣiṣẹ́ oṣù kí ẹlòmíì gba owó rẹ̀. Tí o bá ka ibí yìí, kí o ṣe àmín síta, kí o má kàn fi ojú ṣe é.

Ara bàbá rẹ le, orúnkún nìkan ló ń dùn ún, ìyẹn náà sì máa ń sàn tí wọ́n bá ti dárúkọ bọ́ọ̀lù. O máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Dátà ló tán. Àwọn tó ń kọ́ pápá ìṣeré kó gbogbo àwa tí a fẹ́ ṣọ́ọ̀bù àti àwọn tó ra àga sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wátsáàpù, igba èèyàn ó lé mẹ́tàdínlógójì, láràárọ̀ ni wọ́n sì ń sọ pé ẹ kú àárọ̀. Ọmọ tí a kọ́ kì í gbọ́ ìkíni kó dákẹ́. Mo ń dá wọn lóhùn ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo ń béèrè ilé, mo ń béèrè ọmọ, títí dátà ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ náírà fi tán ní ọjọ́ kẹta, mi ò sì tíì kí wọn dé ìdajì. Alákòóso ẹgbẹ́ náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Ó ṣeun, ó rí i pé ó ti rẹ̀ mí. Wisdom, ọmọ ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tó ń wa tírélà sìmẹ́ǹtì láti Ìbẹ̀sè, ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Fún un lómi tútù.

Pápá ìṣeré ọ̀hún ti ń di òótọ́. O mọ̀ pé ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ìdílé wa lẹ́bàá títì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìràwọ̀ Yewa rà, àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù gba owó oṣù. Owó tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, mo ti wádìí ẹ̀ dé ìdí, nítorí mi ò fẹ́ kí olówó èlé wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa lọ́jọ́ kan. Báǹkì yá wọn ní ìdajì, àwọn olówó mẹ́rin kan dá díẹ̀, èyí tó kù, àga ni wọ́n ń tà. Àní àga, kí ilé tó parí! Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni ọ̀kan, wọn á kọ orúkọ ẹ sí i, tìẹ ni fún ọdún mẹ́ta. Bàbá rẹ ra ọ̀kan láì sọ fún mi. Nígbà tó gbọ́ pé nọ́ọ̀tì ni wọ́n máa fi dè é mọ́ kọnkéré, pé kò ṣeé gbé wálé, ó ní kò burú, ilẹ̀ náà kò ṣeé gbé wálé. Ló bá gbé ọ̀pá pèrègún méjì lọ síbi tí wọ́n fi ẹfun kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí, láti fi ṣe ààlà, kí ará Ìmẹ̀kọ tó ra àga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ má baà máa sún wọ inú tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kọnkéré ò gba pèrègún. Ó ṣì ń ronú sí i.

Èmi ní tèmi, mo sọ fún màníjà wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Purity, pé ìṣirò wọn kò pé. Mo ní ẹni tó ra àga, tí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ wọ àwọ̀n, ó ti dìde, tí kò bá wọlé, ó tún dìde láti bú ẹni tó gbá a sọnù. Ìjókòó ni wọ́n sanwó fún, ìdúró ni wọ́n ń ṣe. Kí wọ́n ta ìdúró lọ́tọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, kí wọ́n wá wo èrò. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Fún àwọn tí kò ní sùn síbẹ̀ o! Abúlé wa lódindi, mẹ́fà la ní, ọ̀kan sì ti wó. Wọ́n gbé iná sórí òpó mẹ́rin tó ga ju ọ̀pẹ lọ, mo sì ti ń wò ó pé iná yẹn á gbẹ láfún nígbà òjò. Yàrá kan wà tó jẹ́ pé inú omi yìnyín ni wọ́n máa kó àwọn agbábọ́ọ̀lù sí tí eré bá parí. Mo sọ fún wọn pé bí ibà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá wọn se omi ìwẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún ni ṣọ́ọ̀bù. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kọ́ sábẹ́ ibi ìjókòó, wọ́n sì ní kí àwa obìnrin abúlé kọ́kọ́ mú mẹ́sàn-án. Dàmọ́lá, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń dín dùndún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí eruku tírélà ń bá mi fi ata sí i. Òun ló rán ẹ ní yunifásítì, mi ò bú u, ṣùgbọ́n èéfín ti ń ba ojú mi jẹ́, agbòjò mi sì ti fò lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí. Ṣọ́ọ̀bù yìí ní òrùlé, ó ní iná, ó ní omi. Eré mọ́kàndínlógún ni wọ́n máa gbá nílé lọ́dún. Tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn bá wá, tí ẹnì kan péré nínú ogún bá ra dùndún ẹgbẹ̀rún kan náírà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba nìyẹn. Yọ iṣu, yọ epo, yọ gáàsì, yọ ẹni tó máa bá mi bó iṣu, èrè ò ní dín ní ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún. Sọ ọ́ di ọ̀nà mọ́kàndínlógún kí o wò ó.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa, èmi ni mo kọ ọ́ fúnra mi, ìwé mẹ́fà tí mo kà kò já sófo. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ ìrírí mi nínú òwò, ìlà méjì ni wọ́n fi sílẹ̀, mo lẹ ewé ìwé mẹ́rin mọ́ ọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé ti ọ́fíìsì nìkan, wọ́n sì fa ìlà fún ẹni tó máa fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò tíì kọ nǹkan síbẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, mo bá wọn kọ ọ́. Mo ní a ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára, ẹ fún un. Mo fọwọ́ sí i.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti fẹ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù tó kọjá, èmi àti Ìyá Wisdom ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, a ní ká yọjú wo pápá. Wọ́n ti fi katakata tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, wọ́n ti da ilẹ̀ dúdú sí i, irú ilẹ̀ tí èèyàn á gbin ata sí tí yóò so títí tí ọwọ́ á fi ro ẹni tó ń ká a. Ọmọ mi, koríko ti gba ibẹ̀! Ó ń yọ orí káàkiri, ó tilẹ̀ ń yọ ní ìlà ìlà bí onígbéraga. Àánú ilẹ̀ náà ṣe mí. Ìyá Wisdom ní àwọn lébìrà ti gba owó tán, wọ́n ti sá lọ nìyẹn. Mo ní tí àwọn olówó bá wá bá a báyìí, wọn á ní ọ̀lẹ ni àwa ará ibí, wọn á sì kó ṣọ́ọ̀bù wa fún ará Ìlaròó. Bí a ṣe fẹnu kò nìyẹn.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwa obìnrin mẹ́sàn-án ti dé pẹ̀lú ọkọ́. Àúdù tó ń ṣọ́ géètì ṣílẹ̀kùn fún wa, ó ní Ọlọ́run á san án fún wa, ó tilẹ̀ bá wa pọ́n ọkọ́ mẹ́ta. A ò gba kọ́bọ̀. Èyí tó ṣeé fà, a fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, a fi ọkọ́ ro ìyókù. Kó tó di aago mẹ́wàá a ti ro ìdajì pápá, ilẹ̀ mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ewúrẹ́ bàbá rẹ tó tẹ̀lé mi ń bá wa jẹ díẹ̀ níbẹ̀.

Ni Injinníà Cornelius bá dé, ọmọ Kútọnu ni. Ó kọ́kọ́ dúró. Ó ká ọwọ́ lérí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ó wá ń sọ Faransé sínú fóònù. Mi ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo sún mọ́ ọn, mo ní ká má rí i, ta ló kú? Ó ní koríko ni. Ó ní àwọn ló gbìn ín. Ó ní mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà ni wọ́n fi rà á, pé ọkọ̀ ńlá ló kó o wá.

Dàmọ́lá, ẹnu mi ò lè padé. Láti ìgbà tí mo ti wà láyé, owó ni mo ń san kí wọ́n bá mi mú koríko kúrò. Ìyá mi nà mí ní pàṣán nítorí koríko. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé wọ́n ń rà á. Ìyá Wisdom yíjú sí mi, ó ní ṣebí èmi ni mo mọ̀wé nínú wa, kí ló dé tí mi ò kà á lára ẹ̀ pé olówó ni. Bàbá rẹ tiẹ̀ ti ṣe ìṣirò, ó ní ewúrẹ́ òun ti jẹ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, ẹni tó bá fẹ́ rà á báyìí á fowó lé e.

Kó tó di ọ̀sán, Purity ti dé, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní àwọn ti fagi lé ṣọ́ọ̀bù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi náà sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà mo nu ojú, mo lọ bá injinníà. Mo ní Bọ̀ọ̀dá Cornelius, ẹ mọ sìmẹ́ǹtì, ẹ mọ irin, koríko lẹ ò mọ̀. Mo ní ó ti tó ogójì ọdún tí èmi àti ẹ̀ ti ń jà, mi ò borí rí. Ohun tí mo ti fẹ́ pa títí tí kò kú, ṣé òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni yóò wá kú sí mi lọ́wọ́? Ẹ fún wa ní ọjọ́ méjì àti omi.

Ó wo Purity, Purity wo òkè, ó ní kí a ṣe é. A ṣa gbogbo ẹ̀ lórí òkìtì, a ti gbòǹgbò rẹ̀ bọ omi bí a ṣe ń ṣe fún ata tí a fẹ́ ṣí gbìn. Èyí tí ọkọ́ ti gé, a ri oríkèé rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹní gbin ẹ̀gẹ́. A na okùn, a dúró de ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀, a sì gbìn ín sún mọ́ra ju bí àwọn lébìrà ṣe ṣe é lọ, nítorí àwọn ń sáré, àwa ń bẹ̀rù. Ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀ láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ìdajì tiwa ti bo ilẹ̀ pátápátá, ìdajì tiwọn ṣì ní àlàfo bí ẹnu arúgbó. Injinníà fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì torí kò gba ojú ara ẹ̀ gbọ́. Lọ́jọ́bọ̀, Purity pè wá, ó dá orúkọ wa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí a wá tún ìdajì tó kù ṣe, kí a sì máa tọ́jú koríko náà lóṣooṣù. Mo béèrè pé èló. Ó ní ogún ẹgbẹ̀rún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo dákẹ́. O mọ bí mo ṣe máa ń dákẹ́. Ó di ọgbọ̀n. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ ọ́.

Ó wá ku ibì kan. Àsansílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù jẹ́ àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún, ọjọ́ Ẹtì tó máa parí oṣù yìí ni òpin, ẹni tí kò bá san, ẹlòmíì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti kó ọgọ́fà jọ, ó ku ọgbọ̀n, owó koríko àkọ́kọ́ kò sì ní dé títí di oṣù tó ń bọ̀. Fi ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náà ránṣẹ́ sí mi, tó bá lé, mi ò ní bínú. Má fi gba ọwọ́ bàbá rẹ kọjá o, àga kejì ni yóò fi rà. Kí o tún ra bàtà òjò kan fún mi, nọ́ńbà mọ́kàndínlógójì. Injinníà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà onígigísẹ̀ gun orí koríko náà, bí ẹni pé mo ní ọ̀kan.

Ọwọ́ rẹ á máa tó ohun tó bá nà sí. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ á gbà ẹ́. Ohun rere tí ẹnikẹ́ni bá fi àìmọ̀ fà tu nínú ayé rẹ, Ọlọ́run á tún un gbìn, á sì kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Dàmọ́lá,
Olórí Àwọn Olùtọ́jú Koríko.